Ibi tí Dick Tiger ti gba bẹ́líìtì

Olùkọ́ ni bàbá mi ní Kabba nígbà tí ìlú wa ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Àríwá, rédíò rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni gbogbo agbo ilé jọ ń gbọ́. Ìtàn tí ó fẹ́ràn jù ni ti òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, tí ìròyìn kéde pé Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, ti na José Torres ní Madison Square Garden, gbọ̀ngàn ńlá kan ní New York, tí ó sì ti gba bẹ́líìtì àgbáyé. Kí ó tó dolóògbé, ó ní bí ẹsẹ̀ mi bá dé New York, kí n bá òun dúró níbẹ̀.

Àyè rẹ̀ yọ nígbà tí ọmọbìnrin mi, tí ń gbé ní New Jersey, ra tíkẹ́ẹ̀tì eré Burna Boy ní Madison Square Garden ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2022 fún àwa méjèèjì. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀, abẹ́ gbọ̀ngàn náà gan-an ni ó sì já wa sí, nítorí orí ibùdókọ̀ Penn ni wọ́n kọ́ ọ lé. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń wó ilé ibùdókọ̀ àtijọ́ tí ó lẹ́wà púpọ̀ kí àyè lè wà fún un, ó sì dun àwọn ará ìlú débi pé wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1965 láti dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ yòókù. Gbọ̀ngàn náà rí roboto, ó ń gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn, okùn irin ni ó sì gbé òrùlé rẹ̀ dúró, tí òpó kankan kò fi dí wa lójú. Ọmọ mi ní yìnyín tí wọ́n fi ń gbá họ́kì wà lábẹ́ pákó tí a ń wò yẹn, àti pé lórí pákó náà ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ohun tí ó gbé mi wá fún àgbàlagbà kan tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní oṣù Kejì ọdún 1968 ni wọ́n ṣí ilé yìí, pé Eighth Avenue, láàárín òpópónà 49 àti 50, ni ti Torres ti wáyé. Ilé kẹrin tí ó jẹ́ orúkọ yẹn ni èyí. Èyí àkọ́kọ́ gba orúkọ náà ní ọdún 1879 lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Madison Square, èkejì dìde síbẹ̀ ní 1890, ẹ̀kẹta ṣí lọ sí Eighth Avenue ní 1925. Mo rántí àwọn ìlú wa ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kabba wà, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn ogun Núpé, tí wọ́n sì gbé orúkọ wọn dání.

Tiger jà nínú ilé tuntun náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni Bob Foster ti lù ú ṣubú ní abala kẹrin ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jó nílẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi kò sọ ìyẹn fún wa rí, mo sì gbà pé ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Eighth Avenue. Ilé ọ́fíìsì gíga ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Mo ṣí fìlà, mo ní, “Okun o, Bàbá,” mo sì fi èdè Owé, èdè Kabba wa, ròyìn gbogbo ohun tí mo rí fún un.