Èsì: Olù wo ló wà nínú “olùtọ́jú-ọ̀rọ̀-aṣínà”?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ ti fi “olùtọ́jú-ọ̀rọ̀-aṣínà” sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, fún ètò orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn kó ọ̀rọ̀ aṣínà (password) pamọ́. Ẹ ní kí ẹni tí kò bá gbà sọ tẹnu ẹ̀. Èmi ò gbà.

Aṣínà kò níjà. A-ṣí-ọ̀nà, ó ti délé. Olù- yẹn ló há mi lọ́fun. Olùkọ́, olùṣọ́, olùdámọ̀ràn, olùgbàlà: èèyàn ni wọ́n, àbí Ọlọ́run. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa fẹ́ sọ ẹ̀rọ lórúkọ, a- ni wọ́n mú: amóhùnmáwòrán, agbóhùnsílẹ̀, amúlétutù. Ta ló gbọ́ olùmúlétutù rí? Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, béèyàn bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun dé iwájú wọn, wọn á ní, “Tú u palẹ̀, kí n rí ìfun ẹ̀.” Ẹ sọ pé ẹ ti ń túmọ̀ ìwé kí n tó mọ a-b-d. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tú tiyín náà palẹ̀.

Olùtọ́jú ni ẹni tí mo lè lọ bá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbàgbé, ẹ bá mi wò ó.” Nǹkan yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣínà àgbà kan ṣoṣo ló ń ṣí i. Gbogbo ìyókù tó wà nínú rẹ̀ ti di ẹnà tí ẹlòmíì kò lè kà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe irú ètò yìí gan-an kì í ní aṣínà àgbà yẹn lọ́wọ́. Bó o bá gbàgbé ẹ̀, o lè ti ara ẹ síta pátápátá nìyẹn. Àpótí ni, kò ní ẹnu tí yóò fi dá èèyàn lóhùn.

Ó dáa, mo fún yín níbì kan. Bí ojú ìwé ayédèrú bá jọ ti gidi débi tó tan ojú mi jẹ, ètò náà á wo àdírẹ́sì, á rí i pé lẹ́tà kan yàtọ̀, kò sì ní fúnra rẹ̀ kọ aṣínà mi síbẹ̀. Ìyẹn jọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ ajá náà ń ṣọ́lé, a kì í pè é ní olùṣọ́.

“Apàṣírímọ́” ni tèmi. Pa àṣírí mọ́, fi a- síwájú, ó tán. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa ní àṣírí kì í ṣe Yorùbá, pé láti èdè Lárúbáwá ló gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé. Ẹ̀gbọ́n, àlùbọ́sà ńkọ́? Àdúrà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín ńkọ́?

Ẹ tún bá mi bẹ àbúrò wa tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ lánàá pé “e ma je ki enikeni mo asina yin”. Aṣìnà ni mo kà á sí. Mo ní ta ló ṣìnà nínú ẹbí tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀?

Ẹ fi kún un nísàlẹ̀ pé ká máa pààrọ̀ aṣínà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyẹn ti di ti àtijọ́. Láti 2017 ni NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n yé fi dandan mú èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni tí wọ́n bá fipá mú, nọ́ńbà ìparí ló kàn ń yí: 1 á di 2, 2 á di 3. Èmi náà ṣe é. Ohun tó sì bá mi kì í ṣe àìpààrọ̀. Aṣínà kan náà ni mo lò níbi mẹ́rin. Wọ́n jí i níbi kan, kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà nínú ímeèlì mi.

Ti àrokò tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò aṣínà, a ò tíì parí ẹ̀ o. Wọ́n ń rán àrokò síni ni. Aṣínà téèyàn bá ti rán síni, ó ti bàjẹ́. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.