Èsì: "Ẹ̀rọ ìfọ́bọ́" àti "apá ìfọ́nmi", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tì í tẹ̀ ẹ́ jáde

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Mo ti ka ìlànà àtúnṣe tí àbúrò wa tó wà ní Houston fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, èyí tó pè ní "Bí a ṣe ń tún apá ìfọ́nmi inú ẹ̀rọ ìfọ́bọ́ ṣe". Ẹ̀rọ tí òyìnbó ń pè ní dishwasher ló ń wí, apá náà sì ni spray arm, ọ̀pá tó ń pòòyì nínú rẹ̀ tí omi ń gbà yọ sára àwo. Ọmọ tó lè jókòó fi Yorùbá tú ẹ̀rọ palẹ̀ láìyà bàrá sínú gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ ká yìn ín, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n kí n tó débi apá, ẹ jẹ́ kí n béèrè: ta ló fọ́ abọ́?

Àmì òkè ló fi sórí ọ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ ló ṣì í, àfi bí mo ṣe rí i pé ibi gbogbo ló ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọ́bọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fọ́ abọ́. Ẹni tó bá ra irú ẹ̀ tó bá dá a padà fún ọlọ́jà, kò jẹ̀bi. Nígbà tí mo pe àbúrò wa sí i, èsì tó fún mi ni pé ohùn òkè orí "bọ́" ló fa ti "fọ" mọ́ra. Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ni nírú gírámà yìí? "Fọ̀" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà bó bá dá dúró, alágbàfọ̀ ń jẹ́rìí sí i. Bó bá ti gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn àárín ló ń di: fọ aṣọ, fọ abọ́, bí "rà" ṣe ń di ra iṣu, tí "gbà" ń di gba owó. Ìfọṣọ là ń wí láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, a ò wí ìfọ́ṣọ. Tíṣà ìgbà tiwa ì bá gbọ́ èyí, pàṣán ì bá ti sọ̀rọ̀.

Ohun tó tún wá mú un burú ni ìtàn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, Josephine Cochrane, ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1886 pé òun ni òun ni ín, ó sì gbé e lọ pàtẹ níbi àfihàn ńlá Chicago lọ́dún 1893. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tó gbé e dé ìdí ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń fọ́ etí àwo tánganran rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Ìfọ́ ló sá fún tó fi ṣe ẹ̀rọ. Àbúrò wa wá fi àmì kan ṣoṣo dá àwo obìnrin náà padà sọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ku apá.

Irúgbìn là ń fọ́n. Owó ni ọmọ àpà ń fọ́n, ogun ló ń fọ́n ìlú ká. Ohun tí èèyàn bá fọ́n, kò bìkítà ibi tó balẹ̀ sí. Omi inú ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń tì í látìsàlẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló ń gbà yọ, ó sì ní ibi tó dojú kọ. Fífín nìyẹn. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn lásìkò òjò, tí wọ́n ń fín kòkó kó má baà dúdú jẹrà lórí igi, tí oògùn á kun ẹ̀wù wọn ní búlúù dé ọrùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé òun ń lọ fọ́n kòkó. Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí o lọ tẹ́ ẹní, wọ́n á rò pé o fẹ́ sá a sóòrùn ni.

Mo mọ̀ pé Màmá wa, olùkọ́ àgbà láti Ọ̀yọ́, ti kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní igbá là ń fín, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ fífín lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ọnà ló máa wá sí ọmọ Ọ̀yọ́ lọ́kàn, pé "ìwọ́nmi" ni ká lò. Mà, ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹni tó ń fín lọ́fínńdà sára kó tó lọ òde, ṣé ọnà ló ń gbẹ́ sára? Ẹ wá fi "ìwọ́nmi" lọ ará Èkó tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ wò ó bóyá kò ní béèrè pé èló ni kẹ́ẹ̀gì kan. Omi wọ́n ni yóò gbọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ì- tó bẹ̀rẹ̀ "ìfọ́nmi" yẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta: èèyàn ló ń fi ṣe iṣẹ́. Amúlétutù, asẹ́, àwọn tí a- bẹ̀rẹ̀: nǹkan náà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ń dá ṣiṣẹ́, mo ti gbọ́, èèyàn ló kó aṣọ sí i tó tẹ bọ́tìnnì.) Ẹ fa agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde kí ẹ wo apá tí à ń jà lé. Kò sí mọ́tò kankan tó so mọ́ ọn. Àwọn ihò kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Omi ń jáde síbí, òun náà ń sá sọ́hùn-ún, òun ló fi ń pòòyì. Ta ló fi í fọ́n nǹkan kan?

Títún ẹ̀rọ yìí ṣe niṣẹ́ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ará wa tó ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, kò yí mọ́" ni wọ́n ń wí. Kò ní yí lóòótọ́, nígbà tí ìdí ṣíbí ti yọ láti inú agbọ̀n dí i lọ́nà. Tàbí kí hóró ìrẹsì àti èèpo ẹ̀gúsí ti kún inú rẹ̀: ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n létí, ẹ ó gbọ́ tó ń ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Omi Lọ́ńdọ̀nù tún ní ẹfun nínú. Bó bá ti gbóná dé nǹkan bíi digirí 60, ẹfun náà á lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò, a óò ki í bọ inú ọtí kíkan kó tó jọ̀wọ́, a óò sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ inú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ tán, torí ẹfun yìí náà ni. Gbogbo èyí kò sí nínú ìlànà àbúrò wa. Pọ́ǹpù tuntun ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rà! Asẹ́ tó wà nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá dí omi ò ní lágbára, "ohun-èlò ìyọ̀dọ̀tí" ló pè é. Asẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń sẹ́ ògì ńkọ́?

Orúkọ tí mo fara mọ́ fún apá náà ni òkòtó. Òkòtó omi. Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò nílò àlàyé, á rí i tó ń yí bírí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ta á mọ́, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi ta sì nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn ti ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún pé ọwọ́ ọmọdé ló ń ta òkòtó, pé èmi fúnra mi ni mo sọ pé nǹkan náà ń dá yí, pé "apòòyì" tòun ló bá a- mi mu. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Apòòyì dà bí orúkọ àìsàn.

Kí àbúrò wa yọ àmì òkè yẹn kúrò kó tó fún àwọn tó ń tẹ̀wé, ìyẹn kò sí lára ohun tí à ń bá ara wa fà. Ní ti fín àti wọ́n, mo ń retí Màmá.