Ojúlé 2 kọ́ ni ojúlé kejì: lórí nọ́ńbà serial port

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún "consistent serial port numbering" (ìyẹn ni pé kí nọ́ńbà tí a fi ń mọ serial port kọ̀ọ̀kan má yí padà) nínú ìwé atọ́nà ètò ìṣiṣẹ́ Linux tí a jọ ń túmọ̀. Wọ́n ní ká pè é ní "ètò nọ́ńbà èbúté atẹ̀léra tó ṣe déédéé". Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ṣàdédé kà á yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi la ń sọ.

Èbúté ni kí n kọ́kọ́ gbé kúrò. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni. Port inú kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, kò sí ohun tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ojúlé ni mo fara mọ́, torí ó ti pẹ́ tí a ti ń fi nọ́ńbà pe ojúlé. Awakọ̀ fún driver náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń wakọ̀. Ògbufọ̀ ẹ̀rọ ni èmi ń lò, nítorí pé àárín ètò ìṣiṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ara wọn ló wà. Mi ò ní jà lórí ìyẹn ṣá.

Atẹ̀léra fún serial ló léwu jù. Àwọn bíìtì, ẹyọ dátà tó kéré jù, ló ń tẹ̀ lé ara wọn lórí wáyà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Tí a bá kọ "nọ́ńbà ojúlé atẹ̀léra", ta ló máa mọ̀ bóyá ojúlé ló jẹ́ atẹ̀léra tàbí nọ́ńbà? Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí òǹkàwé lọ́kàn ni 0, 1, 2, 3 láìfo ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìwé náà ń sọ pé àlàfo lè wà. Orúkọ tí Linux ń pe ojúlé wọ̀nyí ni ttyS pẹ̀lú nọ́ńbà. Tí a bá yọ káàdì tí ojúlé rẹ̀ ń jẹ́ ttyS1 kúrò, ttyS2 ò gbọ́dọ̀ sún wá sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ "ojúlé ẹlẹ́yọkọ̀ọ̀kan". Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

Ẹ wo nọ́ńbà fúnra rẹ̀ wàyí. Linux ń kà láti òdo, Windows ń kà láti ọ̀kan. Lórí PC, ojúlé tó wà ní àdírẹ́sì 0x3F8 pẹ̀lú IRQ 4 (ìlà tí ẹ̀rọ fi ń ké sí kọ̀ǹpútà) ni Windows ń pè ní COM1, òun náà ni Linux ń pè ní ttyS0. Nínú àkọpọ̀ orí kẹta wa, mo rí "ojúlé kejì" fún ttyS2. Ẹ fi ọwọ́ kà á: òdo, ọ̀kan, èjì. Ẹkẹta ni! Tí a bá tún kọ "ojúlé méjì", ó ti di iye, bí ìgbà tí ojúlé méjì wà níbẹ̀. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn: nọ́ńbà tó bá ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ, yálà kó sọ ipò tàbí kó sọ iye. Èyí ò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Orúkọ lásán ni, "jẹ́" ló sì yẹ ẹ́: ojúlé tó ń jẹ́ 2. Kódà nínú kernel, ọkàn Linux, 4 (fún irú ẹ̀rọ) àti 66 (fún ẹ̀rọ náà gan-an) ni wọ́n fi ń mọ ttyS2, torí pé orí 64 ni ttyS0 ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé a máa wá pe ìyẹn ní ojúlé kẹrìndínláàádọ́rin ni?

Níwọ̀n bó ti jẹ́ orúkọ, ẹnì kan láàárín wa ní ká pe nọ́ńbà tí kì í yẹ̀ ní "àmútọ̀runwá", kí èyí tó ń yí kiri sì jẹ́ "àbísọ". Ó dùn létí, àmọ́ ó dorí kodò. Kí ló dé tí Táyé fi ń jẹ́ Táyé? Òun ló kọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n ṣe dé ló sọ wọ́n lórúkọ. Ohun tí ògbufọ̀ ẹ̀rọ sì ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tají: èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ń jẹ́ 0, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ 1. Nọ́ńbà tó ń yí kiri yẹn ni àmútọ̀runwá. Àbísọ ni èyí tí ẹnì kan jókòó ronú sí kó tó sọ ọ́, bí ìlà kékeré yìí tí a ń kọ sínú device tree (fáìlì tó ń sọ fún kernel àwọn ẹ̀rọ tó wà) lábẹ́ aliases, apá tó wà fún orúkọ:

serial0 = &uart2;

Ìlà yẹn ń sọ fún ògbufọ̀ pé ojúlé tí wọ́n kọ ní uart2 ni kó máa jẹ́ 0, ìgbà yòówù kó dáhùn. Tí ìlà náà ò bá sí, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ a kàn mú nọ́ńbà tó bá ṣófo. Kò sì sí bí ẹ̀rọ náà ṣe lè ta kò ó, torí 16550A kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ serial port, ò mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Ó wá ku "ṣe déédéé". Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè ló ṣe déédéé. Mo ní okùn USB méjì tó ń ṣiṣẹ́ serial port lára kọ̀ǹpútà kan nígbà kan, ọ̀kan lọ sí ojú ìwọ̀n, èkejì lọ sí router. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ètò tí mo kọ ń bi ttyUSB0, orúkọ tí okùn ojú ìwọ̀n ń jẹ́ nígbà yẹn, pé kí ni ìwọ̀n. Iná lọ, iná dé, àwọn okùn náà sì ti gba nọ́ńbà ara wọn. Nígbà tí mo máa ṣí fáìlì ìwọ̀n mi láàárọ̀, "Password:" tí router ń béèrè ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kẹ́ ẹ sì wò ó, 0 àti 1 ṣì wà níbẹ̀ déédéé! Wọ́n kàn ti fi ẹni tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ohun tí mo fi ń pè é ní "adúrótì" nìyẹn, nọ́ńbà adúrótì. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè pé: ó dúró ti kí ni? Déédéé ò bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Linux dáhùn ní ọ̀nà méjì: orúkọ tó wà nínú fódà /dev/serial/by-path dúró ti ihò USB tí a ki okùn bọ̀, èyí tó wà nínú by-id dúró ti okùn náà, ibi yòówù kí a kì í bọ̀. Ní ti Windows, bí okùn bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, COM rẹ̀ ń bá a lọ síhò míì. Bí kò bá ní, ihò tuntun, COM tuntun.

Torí náà mo ti kọ "adúrótihò" fún by-path nínú orí kẹta, mo sì kọ "adúrótẹ̀rọ" fún by-id. Èyí ìkẹyìn ló ń kọ mí lóminú díẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá gbàgbé àmì ìsàlẹ̀, ó ti di adúrótèro nìyẹn, ó sì rọrùn kí èèyàn kà á sí adúrótèrò, ẹni tó ń dúró ti èrò ní gáréèjì. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó ti orí kẹta pa.