Ẹsẹ Bíbélì wo ló yàtọ̀ lójú yín lẹ́yìn tí ẹ ka odindi orí rẹ̀?

Ọmọ Ìjọ, Ìbàdàn: Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Tèmi ni Jóòbù 8:7: "Bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ tilẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ sí i gidigidi." Ibi ìṣílé, ibi ìsọmọlórúkọ, kò síbi tí wọn kì í kà á sí. Ní kíláàsì Bíbélì wa, bàbá olùkọ́ ní kí a ka orí náà látòkè, kí a máa bi ara wa pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń sọ ọ́ fún. Bílídádì ni! Jóòbù ti pàdánù ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, eéwo bò ó láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jókòó tì í, ó ń sọ ní ẹsẹ 4 pé bí àwọn ọmọ náà bá ti ṣẹ̀, wọ́n ti jẹ iyán wọn níṣu. Irú ìbánikẹ́dùn wo nìyẹn? Nígbà tí a dé 42:7, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń bínú sí Élífásì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí Bílídádì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Màmá kan tó ń ta aṣọ figbe ta: "Ara pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ni mo kọ ọ́ sí o!"

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, kí màmá yẹn má pa pátákó rẹ́ o. Ẹ ka 42:12: Olúwa bùkún ìgbẹ̀yìn Jóòbù ju ìṣáájú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Bílídádì kúkú ṣẹ.

Ọmọ Ìjọ, Ìbàdàn: Ó ṣẹ lóòótọ́, Mà. Ṣùgbọ́n lójú Bílídádì, ẹni tó bá ń jìyà ti ní láti dẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti orí 1 ni ìwé náà ti sọ pé olóòótọ́ ni Jóòbù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sára pátákó. Kí wọ́n ṣáà má lọ fi kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Akọrin, Abẹ́òkúta: Sáàmù 105:15 ni tèmi. Níbi ìpàdé ìjọ kan, a béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ilé ìjọsìn. "Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi" ni èsì. Mo délé, mo kà á láti ẹsẹ 9. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni Ọlọ́run ń dáàbò bò: àlejò tí kò pọ̀, tí ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ọba ló sì ń kìlọ̀ fún. Ta wá ni ọba nínú àwa tó ń béèrè rìsíìtì?

Ará Peckham: Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí àwọn èèyàn òun, láti fún wọn ní ìrètí. Àwa tí à ń dúró de ìwé ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fi ẹsẹ yìí ṣeré. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì ní 597 ṣáájú ìbí Kristi. Wòlíì kan, Hananáyà, ti ṣèlérí ní orí 28 pé ọdún méjì péré ni wọn yóò fi padà. Jeremáyà ní rárá, ọdún 70 ni. Àgbàlagbà tó gba lẹ́tà yẹn mọ̀ pé ìpadàbọ̀ kò ní ṣojú òun. Lẹ́tà náà ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fi ọmọ fọ́kọ, kí wọ́n gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Nàìjíríà nìkan là ń gbàdúrà fún tẹ́lẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Ní báyìí, a ti fi káńsù àdúgbò wa kún un, àti GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, tí kì í gbé fóònù.