Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwo rọ́ọ̀kì ìgbà èwe wa wo ni kí n kọ́kọ́ rà padà?

BàbáMọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni ọdún 67 ni mí. Lọ́dún 1974, mo wà ní fọ́ọ̀mù 4 nílé-ìwé ọkùnrin kan n'Íbàdàn, inú bọ́ọ̀dìnì ni mò ń gbé. Lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ti paná, ọ̀gá wa kan ní fọ́ọ̀mù 5 máa ń fa giramafóònù oníbátìrì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó kí olùkọ́ má baà gbọ́. Àwa mẹ́fà á ki orí bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, òógùn á sì máa bò wá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ jìtá tó ń han bí ẹni ń fa páànù ya. Orí mi wú. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni rọ́ọ̀kì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Mo ra tó 40 àwo kí n tó gbéyàwó. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sókè Ọya, mo kó wọn sínú páálí, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá mi. Òrùlé jò sí i. Nígbà tí mo fi máa dé, páálí ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, àpò àwo ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọn tí oòrùn ojú fèrèsé ń pa ti ká bí ewé gbígbẹ. Ẹyọ kan péré ni mo rí yọ: Give the Beggar a Chance ti ẹgbẹ́ Monomono. Orúkọ mi tí mo fi bírò kọ sí bébà àárín rẹ̀ ṣì hàn.

Àwọn ọmọ mi ra ẹ̀rọ tuntun fún mi lóṣù Kejìlá. Owó ìfẹ̀yìntì mi ò lè rà ju àwo márùn-ún lọ lọ́dún yìí. Èwo ni kó ṣáájú? Ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni mò ń wá jù, àmọ́ ẹni tó bá mọ ti òyìnbó tó dára, kó má fi pamọ́.

ỌmọObáléńdé
Bàbá, ẹ kú ìrántí o. Ofege ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, Try and Love, ọdún 1973. Ọmọ ilé-ìwé bíi tiyín ni wọ́n! St. Gregory's College, ní Obáléńdé wa níbí, ni wọ́n ti ń kàwé nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo EMI gbé àwo náà jáde. Ẹ tẹ́tí sí ohùn Melvin Ukachi dáadáa. Bí àgbàlagbà bá ń kọrin ìfẹ́, èèyàn á mọ̀ pé ó ti rí i rí. Àwọn ọmọ yìí ò tíì rí i, wọ́n ń wá a ni. Orin kan wà níbẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Gbe Mi Lo". Bí mo bá fi ìyẹn sétí nínú dáńfó láàárọ̀, n kì í fẹ́ ká tètè dé ibi tí à ń lọ.

OnílùMushin
Mi ò bá ọ jà, àbúrò mi, àmọ́ BLO ló yẹ kó ṣáájú. Chapter One, 1973 kan náà. B ni Berkley Jones tó ń ta jìtá, L ni Laolu Akintobi tó ń lùlù, O ni Mike Odumosu tó di béèsì mú. Ẹni mẹ́ta péré, ẹ ó sì rò pé ogun ni wọ́n kó wá. Èmi náà lùlù ní hòtẹ́ẹ̀lì láyé ìgbà yẹn, mo mọ bó ti nira tó kí èèyàn mẹ́ta ṣeré kí àlàfo má wà. Berkley àti Laolu ti bá Ginger Baker ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt ṣáájú, ìyẹn onílù òyìnbó tó wá ń gbé Èkó, tó sì ṣí sítúdíò s'Íkẹjà ní 1973. Ọdún yẹn náà ni Paul McCartney wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Ẹ gbọ́ "Chant to Mother Earth" lóru, kẹ́ ẹ jókòó ti ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí béèsì wọ̀ yín láyà.

Bẹ́ ẹ bá sì pàdé àwo kékeré tí ẹgbẹ́ Ofo the Black Company ṣe fún ilé-iṣẹ́ àwo Decca ní 1972, "Allah Wakbarr", ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì gbọ́ jìtá tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà.

ÌyáKẹ́hìndé
Ẹ̀yin bàbá, orúkọ ọkùnrin lẹ ti ń tò látàárọ̀. Àwọn ìbejì wa ńkọ́? Taiwo àti Kehinde Lijadu! Àwọn náà bá Salt kọrin ní Munich ní 1972. Wọ́n ṣe Danger ní 1976, wọ́n ṣe Horizon Unlimited ní 1979, Afrodisia ló gbé méjèèjì jáde. Ẹni tó bá ní fọ́ńkì ni, pé kì í ṣe rọ́ọ̀kì, kó lọ gbọ́ Danger látòkè délẹ̀ kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo bí ìbejì, mo mọ ohun tí mò ń wí: ohùn méjì ni, èémí kan ṣoṣo ni. "Orere Elejigbo" ló ṣáájú lórí Horizon Unlimited. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ yẹn báyìí, àlọ́ abẹ́ òṣùpá ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Kehinde kú ní 2019. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́, mo gbé Danger sórí ẹ̀rọ, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi kún tiyín.

Àdùkẹ́_Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òyìnbó, ti pọ́ńkì ni tèmi, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó yára, tó sì le koko.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo wá bá àwọn òbí mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń tutọ́ sí wa lára ní ibùdókọ̀, National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, sì ń yan kiri lójú títì. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1978, ọjọ́ Àìkú ni, màmá mi rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Mo tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Trafalgar Square, a fẹsẹ̀ rìn dé Victoria Park ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Rock Against Racism, àwọn tó ń fi orin gbógun ti ìkórìíra ẹ̀yà, ti pe gbogbo ayé jọ. The Clash wà níbẹ̀, Steel Pulse wà níbẹ̀. Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni Poly Styrene ti X-Ray Spex. Ọmọ Sòmálíà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, ó ń fi wáyà sí eyín bí ọmọ ilé-ìwé láyé ìgbà náà, ó sì ń figbe ta, kò wojú ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè láàárín òyìnbó, mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Germfree Adolescents wọn ni kẹ́ ẹ rà, 1978 ló jáde. Bí owó bá kù, ẹ mú àwo àkọ́kọ́ The Clash, 1977. Ní 2007, Paul Simonon tó ń ta béèsì fún The Clash àti Tony Allen tiwa, onílù Fela, jọ ṣe àwo pẹ̀lú Damon Albarn, akọrin òyìnbó. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ṣe mí bíi pé Èkó tí wọ́n bí mi sí àti Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti dàgbà wá jọ jókòó ní pálọ̀ mi.

ỌmọKétu
Ẹ kú o, láti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má gbàgbé Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968. Orí ìlù ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé jìtá wọn lé. The Vodoun Effect, tí ilé-iṣẹ́ àwo Analog Africa kó jọ ní 2008, ló dáa fún ìbẹ̀rẹ̀.

BàbáMọ́kọ́lá
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àdùkẹ́, àbúrò mi, mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ìbéèrè: Monomono tó ṣẹ́kù yẹn ti ká díẹ̀, abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, kí n sì gbé kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà náà. Ṣé kí n ṣe é? Àtúntẹ̀ tuntun ńkọ́, ṣé ó tó rà?

Kọ́láAláwo
Bàbá, ẹ má ṣe é o! Áyọ́ọ̀nù á pa á pátápátá, kọ́bọ̀ á sì máa wa ojú ọ̀nà orin jinlẹ̀ títí ohùn á fi ṣá. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́: omi tó mọ́, ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan, aṣọ tó fẹ́lẹ́. Ẹ máa nù ún yípo bí ilà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má fà á dábùú, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi sáàárín gíláàsì fèrèsé méjì, ẹ to ìwé tó wúwo lé e, níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Tí kò bá ká jù, ó lè gbà.

Àtúntẹ̀ dára. Ti àtijọ́ ti wọ́n gan-an, òmíràn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ sì ti họ kọjá àtúnṣe. Nítorí owó yín, ẹ wo Nigeria Rock Special, àkójọ tí ilé-iṣẹ́ àwo Soundway ṣe ní 2008, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìtàn wọn, Wake Up You! tí Uchenna Ikonne kọ, 2016. Ẹ bá wọn dé Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo ní Awolowo Road, Ìkòyí, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wo àwo kẹ́ ẹ tó sanwó.

BàbáMọ́kọ́lá
Ọjọ́ 16 ló lò lábẹ́ gíláàsì. Lánàá, mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ ń ta pá, pá, pá létí rẹ̀ níbi tó ti ká, n ò mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn Joni Haastrup, akọrin Monomono, wọlé, orúkọ mi ń yípo láàárín, bírò búlúù. Ìyàwó mi bi mí ìdí tí mo fi paná yàrá. Mo ní kó wá jókòó.

Mo ti sanwó Ofege. OnílùMushin, ẹ má bínú, BLO ló kàn.