Ìkàríhe ni èmi mú wá dípò “ìdádúró-ìmoore”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú Jímọ̀ o.

Lọ́jọ́ Àtàlátà, ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà béèrè orúkọ tó yẹ ká fún àsìkò tí èèyàn ń yà sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti jókòó ronú sí ohun rere tó bá a pàdé. Wọ́n fúnra wọn dá “ìdádúró-ìmoore-ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀” lábàá. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, ọkàn mi ò sì gbà á.

Kí n mú èyí tó kéré kúrò ńlẹ̀. Ọdún di ọdọọdún, oṣù di oṣooṣù. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀sẹ̀ ń gbà: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn tán.

“Ìdádúró” ló ń dùn mí. Awakọ̀ tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó ń já àyà èèyàn pè é wá síbi ìtura?

“Ìmoore” dára, ṣùgbọ́n olóore ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpẹ́: ẹnìkan là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìlọrin a tún ní ṣúkúrù, tí a gbà láti inú èdè Lárúbáwá, tó ti wọ̀ wá lára débi pé a ń sọ ọmọ ní Ṣùkúrátù. Ọlọ́run ni ṣúkúrù ń lọ bá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá ṣáájú gbogbo wọn. Kí èèyàn tó dúpẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun. Rírí yẹn la ò tíì fún lórúkọ.

Nílé wa ní Ìlọrin, bí bàbá mi bá ti mọ́sáláṣí Jímọ̀ dé, wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan: “Kí lo rí he lọ́sẹ̀ yìí?” Kì í ṣe owó ni wọ́n ń béèrè. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi obìnrin ní òun rí òórùn ilẹ̀ he nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé lẹ́yìn ọyẹ́. Ìyá mi, tó ń ta wàrà, ní oníbàárà kan dá ṣéńjì tó lé padà fún òun. Ẹni tó bá ní òun ò rí nǹkan kan he, bàbá á ní kó jókòó ti àwọn, kó tún inú ọ̀sẹ̀ náà tú wò. A ò sọ ọ́ lórúkọ kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti mú un: àríhe, ohun tí a rí tí a sì he. Ka àríhe, kàríhe, ìkàríhe, gẹ́gẹ́ bí ka ìwé ṣe di ìkàwé. “Ẹ jẹ́ ká kàríhe ká tó sùn.” Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé “ìkà oore”, àmọ́ etí á ti gbọ́ ìwà ìkà kó tó dé orí oore. Ìkàríhe ò ní wàhálà yẹn, bí ìkàwé ò ṣe ní in.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òmù-Àrán fi òwe dá mi lóhùn: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú tìtorí ẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ó ní kò yẹ ká máa yọ̀ sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gidi. Àmọ́ ta ló sọ òórùn ilẹ̀ nù? Èyí tó bá sì ní ẹni tó ni ín, bí a bá kà á tán la máa ń béèrè onítọ̀hún, ibẹ̀ ni ọpẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ni, ọjọ́ mẹ́rin ni ti àwọn baba wa, tí a ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti pè é lọ́rún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tún ni ọjọ́ tí olórìṣà ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bọ òrìṣà rẹ̀. Ìsinmi náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kí iye ọjọ́ tó yí padà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ọmọdé Ọ̀fà ṣì ń sọ “he”, àbí “mú” ti gba ipò rẹ̀ lẹ́nu wọn? Bí wọn ò bá mọ “he” mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a ó sì ní láti wá òmíràn.