Àwo wa ti jáde: àbọ̀ ìbéèrè tí mo béèrè níjọ́sí

Ẹ kú àdúrótì o. Fún ẹni tí kò bá rántí, mo béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ wa, tó ń kọ punk rock (orin rọ́ọ̀kì tó ń yára, tó sì ń pariwo), tẹ orin tuntun wa sórí àwo fáínẹ̀lì, ìyẹn àwo ńlá tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́, àbí ká kàn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Méjèèjì la ṣe.

Fáínẹ̀lì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ já wa kulẹ̀. Orin wa máa ń ròkè gan-an, ojú kan àwo oníínṣì 12 kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú 27 la ní lójú kìíní! Orin méjì la yọ. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo àyẹ̀wò dé, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ká lè gbọ́ ọ wò, tí mo gbọ́ bí ìlù ṣe ń lù mí láyà, mo mọ̀ pé a ò ṣìṣe.

Ẹni tó ní ká fi orin ránṣẹ́ sí àwọn olótùú Spotify, ìkànnì orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ó kéré tán ọjọ́ 7 kó tó jáde, ẹ ṣeun gan-an. A tètè ṣe é. Síbẹ̀, ibi tí a ti ṣeré lójúkorojú la ti ta àwo jù, lórí tábìlì tí a pàtẹ ẹ̀wù sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán mi létí pé Buzzcocks, ẹgbẹ́ punk ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra wọn ló gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1977, ẹ̀yin lẹ kì wá láyà. Mo ti rí ìdáhùn mi.